Ẹ̀bẹ̀ tí N Kò Rán Ẹnikẹ́ni

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù Kẹjọ, 2025

Ẹ̀yìn ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n àwọn ọmọ ilé-ìwé ni mo ń kọ èyí sí. Iwájú ìwé: àyà, ìdí, gígùn apá. Ẹ̀yìn ìwé: èmi.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Màdáàmù pè mí wọ ọ́fíìsì lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ó ti ilẹ̀kùn. Mo rò pé aṣọ ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni, èyí tí kọ́là rẹ̀ wọ́. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ti gba ṣọ́ọ̀bù kan sí i ní Abúlé Ẹ̀gbá. Ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́jọ. Tábìlì gígé kan tó gùn ju ti Ẹgbẹ́dá níbí lọ. Ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀ ni yóò ṣí. Ó ní èmi lòun fẹ́ kí n jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀.

Èmi, Fọlákẹ́. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń gé aṣọ ilé-ìwé fún Màdáàmù Charity, n kò sì jẹ ọ̀gá nǹkan kan rí àfi ti àlùmọ́gàjí.

Mo fẹ́ dáhùn lójú ẹsẹ̀, ilé wá sí mi lọ́kàn. Mo ní ẹ jẹ́ kí n lọ ronú sí i, Mà. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n ronú títí di Jímọ̀ ọjọ́ kejìlélógún, ṣùgbọ́n kí n má ronú jù.

Mo fẹ́ ẹ. Ìwé, ìwọ nìkan ni mo sọ fún. Mo fẹ́ ẹ dé ibi tí n kò lè jẹun alẹ́ tán.

N kò ní í tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹnu òrofó ní í pa òrofó. Kí iṣẹ́ náà kọ́kọ́ bọ́ sí mi lọ́wọ́ ná.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5

Kí n kọ bí ilé yìí ṣe rí, kí n lè mọ ohun tí mò ń ronú sí.

Yàrá kan àti pálọ̀, ní Ìgàndó. Ẹni márùn-ún. Ọkọ mi, Ràímì, káfíńtà ni, àga onítìmùtìmù ló ń kàn. Nínú ọkàn mi, Ìyá-Ló-Sọ ni mò ń pè é, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ tó máa bá mi sọ tí kò ní í fi "Ìyá ló sọ" sí nídìí. Hamdalah, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án — Agbẹjọ́rò. Kò sí nǹkan tí kì í béèrè ìdí rẹ̀. Abdulganiyy, ọmọ ọdún mẹ́ta, tí kò tíì gbọ́ "má ṣe" rí láyé rẹ̀. Àti ìyá ọkọ mi. Gómìnà.

(Lójú rẹ̀, "wọ́n" ni mò ń pè é, mo sì ń kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀. Nínú ìwé yìí, "ó" ni. Ọlọ́hun á forí jì mí.)

Ó di ọdún méjì báyìí tí Gómìnà ti dé láti Ògbómọ̀ṣọ́. Láti ìgbà náà, òun ló mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ wẹ̀. Òun ló ń fi iyọ̀ kún ọbẹ̀ mi, òun náà ló ń ní iyọ̀ ti pọ̀ jù. Fèrèsé pálọ̀, títì ni, nítorí pé ó ní òtútù ń wọlé. Òtútù wo, nínú Èkó yìí? Lánàá mo ra tòmátì. Ó tún un ṣà níwájú mi, ó pín in sọ́nà méjì: ti òní, àti èyí tó yẹ kí n ti sè lánàá.

Ṣùgbọ́n kí n má purọ́. Òun ló ń tọ́jú Abdul láti àárọ̀ títí tí mo fi ń dé. Òun ló ń bo oúnjẹ mi mọ́lẹ̀. Bí kì í bá ṣe òun, n kò ní í lè máa wọ mọ́tò lọ sí Ẹgbẹ́dá lójoojúmọ́, ká má tíì sọ ti Abúlé Ẹ̀gbá.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ogójì ìpele aṣọ ló ń dúró dè mí. Ibi tí mo bá fi ṣọ́ọ̀kì fà sí ni ọ̀bẹ ẹ̀rọ máa gbà. Ẹnikẹ́ni kì í bá mi dá sí i. Mo dé ilé, n kò lè ṣí fèrèsé.

Ọjọ́bọ̀, 7

Mo sọ ìdajì fún Ìyá-Ló-Sọ. Mo ní ó ṣeé ṣe kí wọ́n gbé mi lọ sí Abúlé Ẹ̀gbá láti oṣù tó ń bọ̀. N kò sọ pé ọ̀gá ni.

Ó ń fi òrí pa mí lẹ́sẹ̀ lọ́wọ́. Ó máa ń ṣe é fún mi, Ọlọ́hun á san án fún un. Ẹsẹ̀ tó bá dúró nídìí tábìlì láti aago méje àárọ̀ ló mọ ohun tí òrí ń ṣe. Ó ní, "Ṣé Ìyá ti gbọ́?"

Mo fa ẹsẹ̀ mi kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo dá a padà, nítorí ó ń dùn mí.

Agbẹjọ́rò ń díbọ́n pé òun ti sùn. Mo mọ oorun ọmọ mi.

Ọjọ́ Jímọ̀, 8

Ọgọ́rin aṣọ lónìí. Ẹsẹ̀ wú. Kò sí ìròyìn mìíràn.

Ọjọ́ Àìkú, 10

Mo bá Gómìnà lẹ́yìn ilé, ó ń gé ọṣẹ dúdú tí àbúrò rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí i láti ilé. Ó ń gé e ní ọgbọọgba, ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n rárá. Mo dúró wò ó. Èmi tí mo ń fi gígé jẹun, mo mọ ọwọ́ nígbà tí mo bá rí i.

Mo jókòó tì í. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ lónìí. Ó ní ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n lòun fi ta ọṣẹ. Òun ló kọ́ ilé òun, yàrá méjì àti kànga, kò sí ọkùnrin tó bá òun fi búlọ́ọ̀kù kan sí i. Ó wá ṣubú nídìí kànga. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Àwọn ọmọ ṣe ìpàdé lórí fóònù: ó tó, Ìyá gbọ́dọ̀ lọ sinmi l'Ékòó. Nígbà tí òun fi máa gbọ́, Ràímì ti dé pẹ̀lú mọ́tò.

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, "Ìsinmi náà nìyí."

Ó ṣe mí bíi kí n sọ ti Abúlé Ẹ̀gbá fún un níbẹ̀. Ó dé ètè mi. Mo gbé e mì.

Ọjọ́rú, 13

Mo sunkún láàárọ̀ yìí. Nítorí kí ni? Nítorí hìjáàbù! Mo yọ dúdú sílẹ̀ lálẹ́ àná kí n lè tètè jáde. Mo jí, ó wà lórí okùn, omi ń kán lára rẹ̀. Gómìnà ní ó ti dọ̀tí, òun bá mi fọ̀ ọ́. Mo wọ ilé ìdáná lọ, mo dojú kọ ògiri, omi bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ lójú mi.

Ó bá mi níbẹ̀. Ó ní kí ló dé. Mo ní iṣẹ́ ni, Mà. Iṣẹ́ yẹn ló ń pọ̀ fún mi.

Irọ́ ni. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe máa wo ojú ìyá ọkọ rẹ̀ kó ní ẹ̀yin ni, Mà?

Ó fi etí ìró rẹ̀ nu ojú mi. Ó rọra ṣe é, bí ẹni ń nu ojú Abdul. Ó ní kí n dákẹ́, pé ẹni tó ní ìyá kì í dá sunkún iṣẹ́. Ó bi mí léèrè bóyá àwọn ará ibi iṣẹ́ ń fìyà jẹ mí. Agbẹjọ́rò ló dáhùn láti ẹnu ọ̀nà: "Wọ́n fẹ́ gbé Mọ́mì lọ sí Abúlé Ẹ̀gbá ni."

Mo lé e kí ó lọ fọ eyín. Mo wọ hìjáàbù búráùn, mo jáde.

Ọjọ́ Jímọ̀, 15

Mo délé, mo bá ilé ní títún ṣe. Gómìnà wọ léèsì tó wọ̀ lọ́jọ́ Iléyá. Ó se ẹran. Ẹran tó tóbi jù, èmi ló bù ú fún. Ti ọkọ mi kéré sí tèmi, n kò rí irú rẹ̀ rí. Ó ń kọrin lábẹ́lẹ̀. Láti ọdún méjì, n kò gbọ́ orin lẹ́nu rẹ̀.

Mo ní kí ló ṣẹlẹ̀, Mà? Ó ní kí n jẹun. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ rẹ ti parí. O ní ìyá, o ò kàn mọ̀ ni."

Inú mi dùn pé inú rẹ̀ dùn. Mo jẹ ẹran náà, mo sì fọ egungun rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16

Yéè, Ọlọ́hun Ọba.

Màdáàmù pè mí láàárọ̀. Ó fa àga fún mi. Ó ní kí n má bínú, òun kò mọ̀ pé ẹ̀rù iṣẹ́ náà ń bà mí. Pé kí n kúkú sọ ọ́ fún òun fúnra mi dípò kí n rán àgbàlagbà. Mo ní àgbàlagbà wo, Mà?

Ìyá ọkọ rẹ, ó ní. Pẹ̀lú ọmọbìnrin kan tó mú wọn wá.

Agbẹjọ́rò! Ó mọ ọ̀nà. Èmi fúnra mi ni mo mú un wá ní ìsinmi tó kọjá.

Bí Màdáàmù ṣe sọ ọ́ nìyí. Lánàá, nígbà tí mo lọ kírun Jímọ̀, Ìyá wọlé. Wọ́n ní kó jókòó, kò jókòó. Ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì láàárín àwọn ẹ̀rọ, Abdul wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Gbogbo àwọn aránṣọ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Ó ní, "Ẹ bá mi ṣàánú ìyàwó mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e lọ sí Abúlé Ẹ̀gbá. Ó ń sunkún nílé. Bó bá ṣẹ̀ yín, èmi ni kí ẹ bá wí."

Màdáàmù ní òun náà kúnlẹ̀ kí òun tó lè gbé e dìde. Ó ní òun ti ṣèlérí fún un. Kí n fọkàn balẹ̀, n kò ní í lọ ibì kankan mọ́. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lòun máa pe Ọmọ́wùnmí, ọ̀kan nínú àwọn aránṣọ wa, kó lọ mójú tó ibẹ̀.

Mo ní ẹ ṣeun, Mà.

Ẹ ṣeun, Mà! Ẹnu mi yìí.

Kí ni kí n ti sọ? Pé n kò rán an? Nígbà náà mo ti sọ arúgbó tó kúnlẹ̀ nítorí mi di aláyọjúràn lójú gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Kí n wá délé kí n sọ fún òun? N kò rí ojú rẹ̀ kó tàn bíi ti àná rí. Ọdún méjì gbáko, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó dá nǹkan rò tó sì dá a ṣe.

Ẹ̀bi mi sì ni. Ká ní mo ti sọ gbogbo rẹ̀ tán ni, kì bá tí lọ. Mo fi ìròyìn ayọ̀ pamọ́ fún wọn, mo wá gbé ẹkún síta.

Ọjọ́ Àìkú, 17

N kò rí nǹkan kọ.

Ọjọ́ Ajé, 18

Mo ba aṣọ jẹ́. Ọdún mọ́kànlá, n kò ṣe irú rẹ̀ rí.

Apá aṣọ ni. Tí èèyàn bá gé apá òsì tán, á dojú àwòṣe páálí náà délẹ̀ kó tó gé apá ọ̀tún. Ọmọ iṣẹ́ tó dé lánàá mọ ìyẹn. N kò dojú rẹ̀ délẹ̀. Ogójì ìpele lẹ́ẹ̀mejì: ọgọ́rin apá, gbogbo rẹ̀ òsì. Ọmọ́wùnmí ló rí i nídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Kò pariwo, ó rọra mú un wá bá mi. Ó ní, "Àǹtí, ṣé àwọn ọmọ tó lápá òsì méjì là ń ránṣọ fún ni?" Mo bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ló di ẹkún.

Màdáàmù kò bínú. Ó kàn ní kí ló ń jẹ ọ́ lọ́kàn? Ẹnu mi wá là. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ Mà, n kò rán Ìyá. Ìfẹ́ ló gbé wọn wá. Wọn kò mọ̀ pé ìgbéga ni, èmi ni n kò sọ fún wọn. Mo tún sọ èyí, mo kọ ọ́ síbí kí n má baà sẹ́ ẹ lọ́la: "Mo fẹ́ iṣẹ́ náà, Mà. Mo ti fẹ́ ẹ kí ẹ tó sọ ọ́ jáde."

Ó ní Ọmọ́wùnmí kò tíì gbọ́ nǹkan kan, ìyẹn kò le. "Àmọ́ Fọlákẹ́, mo ti fún àgbàlagbà lọ́rọ̀. Wọ́n kúnlẹ̀ fún mi, èmi tí wọ́n lè bí lọ́mọ. Mi ò lè yẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn wọn, kò dáa. Àfi tí àwọn fúnra wọn bá tú mi sílẹ̀."

Jímọ̀ ṣì ni ọjọ́ tí a dá, ó ní.

Ó ku aṣọ tó tó fún apá ọ̀tún. Òsì tó ṣẹ́kù, mo máa fi gé àpò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19

N kò lè sọ ọ́. Ó ń fọ ẹsẹ̀ Abdul nínú báàfù, orin yẹn náà ni.

Ọjọ́rú, 20

Mo ti sọ ọ́.

Mo tọrọ àyè, mo délé kí ọkọ mi tó dé. Mo dúró kí Gómìnà kírun àlàásárì tán. Mo kúnlẹ̀. Mo kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo dúpẹ́ títí ó fi ń wò mí tìfura-tìfura. Mo wá sọ ọ́: pé ibi tí wọ́n fẹ́ gbé mi lọ, ọ̀gá ni mo máa jẹ́ níbẹ̀. Pé mo fẹ́ lọ. Pé mo fi pamọ́ fún wọn nítorí ayé.

Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ní, "Ẹkún wo lo wá sun lọ́jọ́ yẹn?"

Mo lè tún purọ́. Irọ́ kan ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, kì bá tí nira. Mo ní, "Hìjáàbù mi ni, Mà. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ ò bi mí. Àti iyọ̀ ọbẹ̀. Àti fèrèsé. Kò síbi tí ọwọ́ mi tó nínú ilé yìí, Mà."

Mo ti sọ ọ́ tán kí n tó gbọ́ ohun tí mo sọ.

Kò bínú. Ì bá dáa kó bínú. Ó dìde, ó lọ ká aṣọ lórí okùn. Aṣọ náà kò tíì gbẹ.

Ọjọ́bọ̀, 21

Gómìnà kò sọ̀rọ̀. Omi ìwẹ̀ gbóná lórí iná, kò pe ẹnikẹ́ni sí i. Gbogbo wa dúró, a ń wo ara wa. Agbẹjọ́rò bi mí pé ṣé ara Ìyá Àgbà ò yá ni. Ìyá-Ló-Sọ náà kò rí nǹkan sọ, nítorí Ìyá kò sọ nǹkan kan.

Mo se ọbẹ̀. Ó wà níbẹ̀, kò tọ́ ọ wò. Iyọ̀ kò tó.

Mo ṣí fèrèsé. Ẹnì kan kò tì í. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá atẹ́gùn ti gbé òórùn ààtàn Solous wọ pálọ̀. Mo dìde, mo lọ tì í fúnra mi. Mo rò pé ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó kọ ẹ̀yìn sí mi.

Ọjọ́ Jímọ̀, 22

Mo jí, mo bá Gómìnà lórí àga, ó ti wọ léèsì, ó ti pọn Abdul. Ó ní, "Ó yá, mú mi lọ." N kò béèrè pé níbo.

Nínú mọ́tò, tẹ̀súbáà ló ń fà láti Ìgàndó títí a fi dé Ẹgbẹ́dá. Mo ń ka ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀súbáà rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ nínú ọkàn mi.

Lọ́tẹ̀ yìí kò kúnlẹ̀. Ó jókòó sórí àga tí Màdáàmù fà fún un, ẹ̀yìn rẹ̀ nà tọ́ọ́. Ó ní, "Ẹ̀bẹ̀ tí mo bẹ̀ yín lọ́jọ́sí, n ò bi ẹni tó lọ̀rọ̀ kí n tó bẹ̀ ẹ́. Àgbà ló ń ṣe mí. Mo gbà á padà. Mo tú yín sílẹ̀." Màdáàmù ní, "Ẹ ṣeun, Mà." Ó ní kò tíì parí. Ó ní, "Ẹ fi í jọ̀gá jàre. Ó mọ̀ ọ́n jẹ. Ó pẹ́ tó ti ń fi ojú jọ̀gá lé mi lórí nílé, ẹnu ni ò lè fi sọ ọ́."

Màdáàmù rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀. Àwọn aránṣọ náà ń rẹ́rìn-ín, Ọmọ́wùnmí ń pàtẹ́wọ́. Mo ní, "Mo gbà á, Mà," ó sì parí. Ọ̀gá ni mí. Alhamdulillahi.

Ṣùgbọ́n kò parí.

Mo sìn ín lọ sí ibùdókọ̀. A dúró sábẹ́ òjìji pátákó kan. Abdul ti sùn lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Mo ti bá ọ tú tìrẹ. Wá bá mi bẹ ọmọ mi."

Mo ní, "Kí n bẹ̀ wọ́n kí ni, Mà?"

"Kó jẹ́ kí n máa lọ sílé mi."

Ó ní láti Ọjọ́rú lòun ti ń ro ohun tí mo sọ, pé kò síbi tí ọwọ́ mi tó nínú ilé. Ó ní, "Èmi náà nìyẹn. Iyọ̀ yẹn nìkan ló kù tọ́wọ́ mi tó." Ó ní òun kò lè fi ẹnu ara òun sọ ọ́: tí òun bá sọ ọ́, Ràímì á rò pé òun ń bínú ni, á dọ̀bálẹ̀, á máa bẹ òun, òun kò sì lè kọ ẹ̀bẹ̀ ọmọ òun. Ó ní, "Mo mọ̀ pé wọ́n á ní ìwọ lo lé mi. Mo mọ̀ ọ́n, ìyàwó mi. Mo ṣì ń bẹ̀ ọ́."

Mo ní mo ti gbọ́, Mà. N kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo gbá Abdul mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa, mo bá a dá mọ́tò dúró.

Ọjọ́ Àìkú, 24

Mo ti rò ó síwá, mo ti rò ó sẹ́yìn. Ní Abúlé Ẹ̀gbá, èmi ni n ó máa ṣílẹ̀kùn ní aago méje. Mọ́tò méjì láti ibí. Màgàríbà á ti kọjá kí n tó padà dé. Hamdalah á wà nílé ìwé. Abdul ńkọ́? Ilé iṣẹ́ bàbá rẹ̀: ayùn, ìṣó, pákó tó fara ti ògiri. Ganiyat, aládùúgbò wa, ti ní mẹ́ta tirẹ̀. Jẹ́lé-ó-sinmi tó wà ní òpópónà wa kì í kọjá aago méjì.

Tí mo bá dákẹ́, Ìyá á dúró. Kò ní í sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, mo mọ̀ ọ́n. N kò ní í purọ́, n kò ní í jà, dídákẹ́ lásán ni. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ ti wà lọ́wọ́ mi. Ta ló ní kí n tún fi ọwọ́ ara mi gbọ̀n ọ́n nù?

Lọ́sàn-án, àwọn méjèèjì sùn lórí ẹní, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn Abdul. Mo jókòó tì wọ́n. Mo fẹ́ràn obìnrin yìí. N kò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. N kò kọ ọ́ sínú ìwé yìí rí, mo kọ ọ́ báyìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 26

Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ń bu òrí sọ́wọ́, mo kúrò lórí àga, mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá Hamdalah, ẹ jẹ́ kí Ìyá máa lọ sílé wọn."

Ó ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Mo ní, "Ìyá ló sọ."

Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò mọ ohun tó máa fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe. Ó jókòó, òrí ń yọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní àwọn ẹ̀gbọ́n òun ńkọ́, kí ni wọ́n máa sọ? Mo ní kí wọ́n sọ ọ́. Ó ní Abdul ńkọ́? Mo ní n kò tíì mọ̀. Ó ní iṣẹ́ tuntun rẹ ńkọ́, Fọlákẹ́? Mo ní n kò mọ̀. Ó ní òun rò pé ìsinmi lòun fún un. Mo dì í lọ́wọ́ mú, tòun ti òrí.

Ó dìde, ó lọ bá a ní pálọ̀. Mo gbọ́ tó ní, "Ìyá, ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ fẹ́ ẹ?" N kò gbọ́ ìdáhùn. Ìgbà tó padà dé, ó ní Àbámẹ́ta.

Ọjọ́bọ̀, 28

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin pè láti Ìbàdàn. Ó ní ojú mi là nígbà tí mo di ọ̀gá, ni mo bá lé ìyá àwọn jáde. Mo ń gbọ́, mo ń sọ pé ẹ má bínú, Mà. Gómìnà gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Mo ní ilé. Ẹni tó nílé, wọn kì í lé e, ńṣe ló ń relé." Ó tẹ̀ ẹ́ pa. Ó dá a padà fún mi, ó ní kí n lọ wo ọbẹ̀ lórí iná.

Mo bi í pé ṣé iyọ̀ tó, Mà. Ó ní ìyẹn dọwọ́ mi.

N kò tíì rí ẹni tó máa gba Abdul.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 30

Ibùdókọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ ní Ìyànà-Ìpájà, aago méje kọjá díẹ̀. Ràímì gbé báàgì, Hamdalah gbé kẹ́tùlù àlùwàlá Ìyá, èmi gbé Abdul. Léèsì náà ló wọ̀. Ó ń bá onímọ́tò jiyàn pé òun kò ní í jókòó sẹ́yìn. Ó gba iwájú. Hamdalah ń sunkún, kò béèrè ìdí kankan.

Ó kí ọmọ rẹ̀, ó ṣàdúà fún un. Ó fọwọ́ pa Hamdalah lórí. Ó fẹ́ gba Abdul lọ́wọ́ mi, ó tún fi í sílẹ̀. Ó ní tí òun bá gbà á, òun kò ní í lọ mọ́.

Ó gbé ẹsẹ̀ kan sínú mọ́tò. Ó wá dúró. Ó yíjú sí mi. Ó ní, "Fọlákẹ́." Láti ọdún mọ́kànlá tí mo ti wọlé wọn, "ìyàwó mi" ni, kò pe orúkọ mi rí. Ó ní, "Ọ̀túnla lo máa ṣílẹ̀kùn yẹn. O ò tíì rí ẹni tó máa mú ọmọ yìí. Tó o bá ní kí n dúró, màá dúró. Inú mi ò ní í bà jẹ́. Ìwọ sọ ọ́."

Ràímì ń wò mí. Onímọ́tò ń wò mí. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi, kò gùn rárá. Ẹ dúró, Mà. Abdul nawọ́ sí i, ó ń pè é.

Mo gbé Abdul lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo di ẹsẹ̀ Ìyá kejì mú, èyí tó ṣì wà nílẹ̀, mo bá a gbé e wọ mọ́tò.